Ọnà Nínú Orúkọ: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Àwọn Ará Àrán-Ọ̀rin

    

Ní ọdún 1840, ní ìlú Oppeln ní ilẹ̀ Silesia, tí ó wà lábẹ́ ọba Prussia nígbà náà, a bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Eduard, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ń jẹ́ Schnitzer. Schnitzer, ní èdè Jámánì, ni ẹni tí ń fi irin gé igi títí igi yóò fi di ère, ẹni tí àwa ń pè ní gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí agbẹ́gilére. Ṣùgbọ́n Eduard yìí kò fi igi ṣe iṣẹ́. Ìṣègùn ni ó kọ́, ó rìn lọ sí ilẹ̀ àwọn Tọ́kì, ó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mehmed Emin, ó dé ilẹ̀ adúláwọ̀, wọ́n sì fi í jẹ gómìnà ilẹ̀ Equatoria ní 1878, níbi tí odò Náílì ti ń ti gúúsù bọ̀. Emin Pasha ni ayé mọ̀ ọ́n sí títí wọ́n fi pa á ní ilẹ̀ Kóńgò ní 1892. Orúkọ baba ńlá rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ tí òun kò ṣe. Nígbà tí ó sì di ọkùnrin, ó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ agbádá tí kò bá a mu.

Mo fi ọ̀rọ̀ àlejò yìí ṣí ilẹ̀kùn nítorí pé ilẹ̀ Jámánì ni ibi tí ènìyàn ti lè rí i kedere bí iṣẹ́ ọwọ́ ṣe ń di orúkọ. Nígbà tí àwọn ìlú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, láti bíi 1100 síwájú, tí Hans mẹ́wàá ń gbé òpópó kan ṣoṣo, tí akọ̀wé ìlú sì níláti mọ èwo nínú wọn ló jẹ owó orí, èwo ni kò jẹ, kò sí ohun tó yá jù kí ó fi iṣẹ́ olúkúlùkù dá a mọ̀: Hans alágbẹ̀dẹ di Hans Schmidt, Hans tó ń lọ ọkà nínú ọlọ odò di Hans Müller, ahunṣọ di Weber, aránṣọ di Schneider, apẹja di Fischer. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ náà a máa bá ẹni tó ń jẹ́ ẹ wọ káà ilẹ̀. Bí ọmọ alágbẹ̀dẹ bá lọ di apẹja, Fischer ni wọn yóò pè é. Ìwé ni ó so ó mọ́ ìdílé. Bí a bá ti kọ ọ́ sínú ìwé owó orí àti ìwé ìjọ, ó di ohun tí ọmọ ń jogún, ìbáà ṣe pé ọmọ náà kò mọ ojú ewìrì. Títí di òní, Müller ni orúkọ ìdílé tí ó pọ̀ jù lọ ní Jámánì, Schmidt sì tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ọlọ odò ti di ohun àwòyanu. Schnitzer pẹ̀lú ti ná dé ibi gbogbo: ní Eugene, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, ilé ìkóǹkan-ọnà-sí kan wà ní yunifásítì ìlú náà tí a fi Jordan Schnitzer sọ lórúkọ, láti ìdílé kan tí ó ti Rọ́ṣíà wá, tí ó sì rí ọlá nídìí irin àlòkù. Agbẹ́gilére padà sídìí ère ní ẹ̀yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran, ṣùgbọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni orúkọ rẹ̀ wà, kò sí lára ère.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tiwa. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, baba tí ó sì wo ilé rẹ̀ tí ó rí àáké, ọ̀bẹ àti èérún igi kò ní sọ ọmọ rẹ̀ ní Agbẹ́gi, nítorí iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nìkan kọ́ ni ó ń wò. Ohun tí iṣẹ́ náà ṣe fún ilé ni ó ń wò. Gbólóhùn ni ó fi ń sọ ọmọ. Ilé ọdẹ a sọ Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́túndé. Ilé onílù a sọ Àyándélé, Àyánwálé. Ilé eégún a sọ Ọ̀jẹ́wálé. Ilé ọlọ́nà ní tirẹ̀ a sọ Ọnàsànyà, èyí ni pé ọnà ti san gbèsè ìyà tí a jẹ. A sọ Ọnàkọ̀yà, pé ọnà kọ ìyà fún wa. A sọ Ọnàdìran, pé ọnà di ohun ìran. A sọ Ọlọ́nàdé, nígbà tí ọmọ tí yóò gba àáké lọ́wọ́ baba bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tí ó ké. Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ náà. Schmidt ń dáhùn ìbéèrè akọ̀wé. Ọnàsànyà ń dáhùn ìbéèrè ẹni tí ó rí wa nígbà tí a kò ní, tí ó wá padà rí wa lónìí.

Àwa Ìgbómìnà ní ìdí pàtàkì láti fi etí sí orúkọ Ọnà yìí, nítorí ó sún mọ́ orúkọ tiwa tímọ́tímọ́. Àwọn baba wa sọ fún wa pé nígbà tí Ọ̀ràngún ń ti Ifẹ̀ bọ̀, àdá tí Odùduwà fún un, tí ń jẹ́ Ogbó, ni ó ń là á níwájú, tí ó sì ń fi ipa ọ̀nà hàn án, tí wọ́n fi ń wí pé Ogbó mọ̀nà, tí Ogbó mọ̀nà fi di Ìgbómìnà. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń rìn ni ti àdá náà. Ẹ gbé ohùn kúrò nísàlẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó di ọnà, èyí tí ọwọ́ ń ṣe. Ogbó mọ ọ̀nà. Àwọn ọmọ tí Ogbó kó dé ibí sì mọ ọnà. Àmì kékeré kan péré ni ó wà láàrin ojú títì àti ère, a ó sì rí i níwájú ohun tí àìsí àmì yẹn ti bà jẹ́.

Kí ni ọnà yìí gan-an? Àwọn ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè Èkìtì àti Ìgbómìnà pín iṣẹ́ ère sí ìpele mẹ́rin, orúkọ ìpele wọ̀nyí sì dùn mọ́ mi ju orin lọ. Ọnà lílé ni àkọ́kọ́: ọ̀gá a gbé ìtì igi tútù síwájú, a fi àáké lé e títí orí, ikùn àti ẹsẹ̀ yóò fi yọ láìsí ojú, láìsí etí, bí ènìyàn tí a rí nínú ìkùukùu. Àlétúnlé tẹ̀lé e, nígbà tí a tún ohun tí a ti lé lé, tí ọwọ́ yà kúrò lára ìhà, tí ojú yọ. Lẹ́yìn náà ni dídán, tí a fi ọ̀bẹ pa gbogbo ojú àáké rẹ́ títí ara igi yóò fi máa dán. Fífín ni ó kẹ́yìn: a fín irun orí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fín ìlà ojú, a fín ìpéǹpéjú. Ní ìpele àkọ́kọ́, ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí bí ọ̀gá bá ṣìṣe níbẹ̀, kò sí fífín tí ó lè tún un ṣe. Àwọn ère ìbejì ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà káàkiri àgbáyé lónìí, ìpele mẹ́rin yìí ni wọ́n gbà kọjá, kí ìyá tó fi osùn kùn wọ́n, kí ó tó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí wọn nídìí.

Ó ti pẹ́ tí ère ti wà ní ilẹ̀ wa. Ní Èsìẹ́, tí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí, àwọn ère òkúta tí ó lé ní 800 jókòó nínú igbó láti ayé tí kò sí ẹni tó lè ka ọdún rẹ̀ sẹ́yìn: ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, òmíràn jókòó sórí àpótí, òmíràn di idà mú, òmíràn di irun rẹ̀ ní àwòyanu. Ní 1933 ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ròyìn wọn fún àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n ṣáájú, ìtàn wọn sì ni pé àlejò ni gbogbo wọn, tí ìbínú Elédùmarè sọ di òkúta. Mo ti dúró níwájú wọn nígbà púpọ̀. Ohun tí ó máa ń mú mi dákẹ́ níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ yẹn, tí ó tó iṣẹ́ ìran ènìyàn mélòó kan, orúkọ ọlọ́nà kan ṣoṣo kò ṣẹ́kù. Ọnà wà níbẹ̀. Ọnàsànyà kò sí.

Bí a bá sì súnmọ́ ayé tiwa yìí, a ó rí i pé àwọn ọ̀gá tó lókìkí jù ní ìtòsí wa kò fi ọnà jẹ́ orúkọ. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, tí ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí ó gbẹ́ di ohun tí a gbé lọ hàn ní ìpàtẹ ńlá Wembley ní 1924. Bámgbóyè ará Odò-Ọwá. Àti Arówóògún ará Òsì, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ ní Areogun, tí ó kú ní 1954. Ti ìkẹyìn yìí nìkan ni ó sún mọ́ ọn: oríkì ni orúkọ náà, ìtumọ̀ tí a sì fún gbogbo gígùn rẹ̀ ni ẹni tí ó fi irin Ògún rí owó, tí ó sì ná an lórí ọnà. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Ó sọ ibi tí owó ti wá, ó sì sọ ibi tí owó lọ.

Bándélé, ọmọ Arówóògún, ni ó kọ́ ẹni tí mo kà sí ọba nínú ọ̀rọ̀ yìí níṣẹ́, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ láti 1947. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni ọkùnrin náà, Ìgbómìnà pọ́ńbélé, ọmọ ìdílé tí ó ti ń gbẹ́gi láti ìran márùn-ún, orúkọ rẹ̀ sì ni Lamidi Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ. Ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ó ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún Kennedy Center ní Washington. UNESCO sì fi oyè ìṣúra alààyè dá a lọ́lá ní 2006, kí ó tó jáde láyé ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009. Ẹ wo orúkọ mẹ́ta náà bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Lamidi ti ọ̀dọ̀ Mùsùlùmí wá. Fákẹ́yẹ jẹ́ orúkọ baba, ti ilé Ifá, òun ni ìwé ìjọba sì mú gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé. Ọlọ́nàdé, tí ó sọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ gan-an, wà láàrin, bí ọmọ tí àgbà méjì fún sáàrin lórí ìjókòó.

Èyí ni ó mú mi dé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń bi ara yín: bí ilẹ̀ Ìgbómìnà àti Èkìtì bá jẹ́ orírun agbẹ́gilére, èéṣe tí àwọn orúkọ Ọnà fi pọ̀ lápọ̀jù ní Ìjẹ̀bú, ní Rẹ́mọ àti ní Ẹ̀gbá, tí wọ́n sì ṣọ̀wọ́n láàrin wa? Mo mọ̀ pé àwọn Ìjẹ̀bú náà ní ọlọ́nà tiwọn, àgbẹ̀dẹ idẹ wọn sì gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé ọnà wọn ju tiwa lọ. Ìwé ni mo dá lẹ́bi. Ní 1892 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́ fi bo ilẹ̀ náà. Ní kíákíá ni wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀, ní àkókò tí orúkọ ìṣẹ̀ǹbáyé ṣì wà lẹ́nu gbogbo ilé, tí orúkọ baba sì di orúkọ ìdílé ní ojú kan náà. Ní àkókò náà, àwa wà lábẹ́ Ìlọrin, nínú ìjọba apá Àríwá, ìwé sì pẹ́ kí ó tó tọ̀ wá wá. Nígbà tí ó dé, ọ̀pọ̀ ilé ti gba orúkọ Mùsùlùmí tàbí ti Kírísítì, orúkọ tí ọmọ sì wí fún akọ̀wé ni Àjàyí, ni Bùràímọ̀, ni Sámúẹ́lì. Ní Jámánì, ìwé ni ó gba orúkọ iṣẹ́ là. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ó gba àwọn kan là, ó sì pẹ́ jù fún àwọn mìíràn.

Ṣùgbọ́n ọnà kì í bínú sí ọnà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní 1882, ni a bí Àìná Ọnàbólú, ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ àwòrán kíkùn ti òde òní di iṣẹ́ láàrin wa. Wọ́n ti sọ fún un pé adúláwọ̀ kò lè kun àwòrán bí ènìyàn ṣe rí. Ó kùn ún ṣáájú kí ó tó rí olùkọ́ kankan, lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù àti Párísì, ó sì padà ní 1922 láti máa ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ẹnì kan lọ, ó sì bẹ ìjọba títí wọ́n fi mú olùkọ́ ọnà kejì wá ní 1927. Kenneth Murray ni olùkọ́ náà. Murray yìí kan náà ni ìjọba fi ṣe olórí àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ìtọ́jú nǹkan àtayébáyé ní 1943, nígbà tí ó sì di 1945, a dá mùsíọ̀mù Èsìẹ́ sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró wò ó dáadáa. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ń jẹ́ Ọnà ni ó pe òyìnbó wá. Òyìnbó náà sì wà nídìí iṣẹ́ tí ó fi òrùlé lé orí àwọn ère òkúta Ìgbómìnà tí kò ní orúkọ ọlọ́nà.

Láti ìgbà náà, orúkọ Ọnà yìí kò dúró sójú kan mọ́. Ọlábísí Ọnàbánjọ, oníwèé ìròyìn tí ń fi Ayékòótọ́ ṣe orúkọ ìkọ̀wé, jẹ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn láti 1979 sí 1983, láti 2001 sì ni yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí kò rí àáké gbẹ́nàgbẹ́nà rí fi ń kọ ọnà sórí ìwé-ẹ̀rí wọn. Ní oṣù kẹrin 2024, Túndé Ọnàkọ̀yà jókòó ní Times Square ní New York, ó ta ayò chess fún ọgọ́ta wákàtí láti wá owó ìwé fún àwọn ọmọ tálákà. Ọnà kọ ìyà, lójú gbogbo ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè.

Ìyẹn ni ó ń dùn mí. Orúkọ Jámánì kò ní ohun púpọ̀ láti pàdánù, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá pè é ti pè é tán. Gbólóhùn ni tiwa, nígbà tí akọ̀wé bá sì ti bọ́ àmì rẹ̀ tí ó bọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀, tí ó kọ ọ́ ní Ona lórí ìwé ìrìnnà, gbólóhùn náà yadi. Mo ti gbọ́ ọmọ ọlọ́nà tí ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ojú títì. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gé Ọnà, Àyán àti Ọdẹ́ kúrò lórí orúkọ wọn, tí wọ́n ń fi Olúwa rọ́pò rẹ̀, nítorí wọ́n rò pé òrìṣà ni. Kristẹni ni mí, mo sì ń sọ ọ́ ní gbangba: igi ni baba yín gbẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi tọ́ yín.

Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, òpó ilé kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìyá-ìyá mi, tí a gbẹ́ ní obìnrin tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí orí rẹ̀ sì gbé igi àjà. Ẹ̀yìn ọmọ náà dán ju ibi gbogbo lọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọdé máa ń fi ọwọ́ dì mú bí a bá ń sáré wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ńtì kọ́ ilé náà, àlejò kan wá rà á ní owó tí kò tó ra páànù méjì, wọ́n sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ lójú mi. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ṣùgbọ́n a kọ́ wa, a kàn kò kọ́ wa ní èyí ni.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, ọmọkùnrin kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà ní kíláàsì mi, tí orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí mo ti kà sókè. Bí ẹni ń pe ojú títì ni ó ń pè é. Mo ní kí ó lọ bi àwọn àgbà rẹ̀ léèrè nígbà ìsinmi, kí ó má sì bi bàbá rẹ̀ nìkan, kí ó dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi títí àwọn yòókù fi jáde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò mọ nǹkan kan, sà. Ṣùgbọ́n màmá àgbà mú mi lọ sí ilé ìdáná, wọ́n dojú odó délẹ̀." Ó ní odó ìrókò ni, tí wọ́n fi ń gúnyán láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ọkọ, bàbá ọkọ wọn ni ó sì gbẹ́ ẹ, ní abẹ́ rẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ń wò ó, ó fín ìlà mẹ́ta yí ìdí odó náà ká, ìlà kan fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó bí. Ọmọ náà gba báírò lọ́wọ́ mi, ó ṣí rẹ́jísítà kíláàsì, ó wá orúkọ ara rẹ̀ kàn, ó sì fi àmì sí i níkọ̀ọ̀kan, ó sì fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ O rẹ̀.